Ibi tí Afẹ́fẹ́ Ti Ń Pàdé Epo

Oṣù karùn-ún ti dé, yìnyín ò tí ì kúrò lórí òkè At-Bashy,
àgùntàn ti ń ké, koríko òkè ń pè wọ́n,
ọkọ̀ bàbá mi àgbà sì dúró lẹ́yìn ilé
bí ẹni tó gbọ́ ìpè tó kọ etí ikún.
Úàsì ni, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ó ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí,
táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló fi ń di ilẹ̀ mú bó bá ń pọ́n òkè.
Tẹ́lẹ̀, á wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó jí.
Lọ́dún yìí ó wúkọ́ títí, ó pọ èéfín dúdú, ó dákẹ́.

"Ẹ tà á," ni Burulkan ìyá mi wí.
"Ẹ jẹ́ ká ra ti Jàpáàn, tí kì í tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹni."
Ata ò fèsì. Ó ránṣẹ́ sí Bishkek.

Ọjọ́ kẹrin ni kabúrẹ́tọ̀ tuntun bá bọ́ọ̀sì Mederbek dé,
wọ́n fi ìwé ìròyìn wé e bí ẹran ọdún.
Iye rẹ̀ jẹ́ àgbò kan àti ìlàjì.
(Ìlàjì wo? Ẹ bi ẹni tí a ṣì jẹ ní gbèsè.)

A ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ata tú páìpù epo, ó tú wáyà.
Nọ́ọ̀tì mẹ́rin ló so ògbólógbòó mọ́lẹ̀:
mẹ́ta gbọ́ràn.
Ẹ̀kẹrin wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ àgbà ò wọ̀.
"Asylkan, mú ọwọ́ tín-ín-rín rẹ wá."
Mo ki súpánà bọ̀ ọ́, ojú inú ni mo fi ń wò ó,
mo yí i díẹ̀, mo tún un kì, mo yí i díẹ̀,
irin bó oríkèé ìka mi, mo gé ètè jẹ.
Ó tú!
Ayọ̀ mú mi gbàgbé àkísà tó yẹ ká fi dí ihò.
Nọ́ọ̀tì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.
Mo gbọ́ ọ: kín. Kín.
N ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ọ̀fun ẹ́ńjìnnì ti gbé e mì.
Ìyá mi ń wò wá láti ojú fèrèsé.
Ata ò bá mi wí. Ó wọlé,
ó tú rédíò tí kò sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà tí ìyá àgbà ti lọ,
ó yọ òòfà inú rẹ̀, ó so ó mọ́ okùn bàtà.
A sọ ọ́ sínú òkùnkùn irin náà
bí apẹja tó lóṣòó ti ihò yìnyín,
títí oòrùn fi kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì.
"Ó ti jẹ ìwọ̀," ni Ata wí, jẹ́jẹ́,
bí ẹni tí kò fẹ́ kí ẹja gbọ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun ò bá a mu.
A gé òmíràn lára páálí bàtà mi.

Ó jí, ṣùgbọ́n ìbínú ló fi jí.
Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí afẹ́fẹ́ ki;
lọ́dọ̀ tiwa afẹ́fẹ́ fẹ́lẹ́,
epo tó tó wọn á pọ̀ jù fún wa.
Ata ò gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́.
Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ara ọkọ̀ bí ẹni ń yẹ ibà ọmọ wò,
ó ń yí sikurú kékeré:
díẹ̀. Padà. Díẹ̀ sí i.
Èéfín dúdú di eérú, eérú di ohun tí ojú ò rí.
Ìró náà wálẹ̀, ó jókòó.

Ìyá mi gbé tíì jáde. Kò dárúkọ Jàpáàn.

Lálẹ́ a tú ògbólógbòó náà wò.
Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ti dì sí ìsàlẹ̀ abọ́ rẹ̀, eruku lórí eruku.
Ata fi èékánná tọ́ka sí i:
"Èyí, ọ̀nà Naryn ni.
Èyí, ọdún tí a kó àgọ́ lọ sí Son-Kul.
Èyí tó tínrín yìí..."
Mo mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà ilé ìwòsàn ni.
Àwa mẹ́rin la lọ, àwa mẹ́ta la bọ̀.

Ó fẹ́ ṣáná sí sìgá, ó rántí epo tó wà lọ́wọ́ òun,
ó fi í sẹ́yìn etí.
"Lọ da ìdọ̀tí yẹn nù."
Mo jáde. Mo dúró díẹ̀ nínú òtútù. Mo wọlé.
"Ṣé o ti dà á?"
"Mo ti dà á, Ata."